Ìdí tí ẹkùn fi ń dá rìn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbádùn ìròyìn yín lórí ẹkùn inú igbó Pendjari ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àmọ́ ẹ ò sọ ìdí tó fi ń dá rìn. Ẹkùn kì í lé ẹran jìnnà. Ńṣe ló máa ń lúgọ sínú koríko, á rọra máa sún mọ́ ọn, kó tó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹran á tètè fura. Agbára rẹ̀ ńkọ́! Á fi ẹnu gbé odindi àgbọ̀nrín gun igi, kí kìnnìún àti ìkookò má baà gbà á. Abo nìkan ló ń tọ́ ọmọ, fún bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí wọ́n bá pa abo kan nítorí awọ: ebi ló máa pa àwọn ọmọ tó fi pamọ́ sínú pàlàpálá àpáta.