Ìyẹ̀fúnmiláyọ̀, Málọmọ́, Dúrójayé

Ìpàdé lańlọ́ọ̀dù là ń ṣe lọ́wọ́ ní àdúgbò wa lápá Òkè-Fíà. Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tó jóná la wà lórí ẹ̀, ara ti ń gbóná, akọ̀wé ti ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì dáwó, ni igbákejì alága wa bá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ní ká jọ̀ọ́, òun fẹ́ sáré délé, Dúrójayé kò tíì jẹun. Gbogbo wa ní kó máa lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé òun lòun febi pa ọmọ ọlọ́mọ? Bàbá àgbà tó jókòó tì mí tilẹ̀ ṣàdúrà pé Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún wọn, a sì ṣe àmín. Ìgbà tí mo délé, tí ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé inú ìgò ni Dúrójayé ń gbé. Fúláwà àti omi ni, tí wọ́n pò pọ̀ kó kan, kí wọ́n lè fi mú búrẹ́dì wú. Sítátà ni wọ́n ń pè é.

Mo ṣe àmín fún fúláwà.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò mọ àwọn onísítátà. Wọ́n ti pọ̀ ní Òṣogbo, láti Ògo-Olúwa dé Òkè-Báálẹ̀. Ilé tí ẹ bá ti wọ̀ tí ìwọ̀n wà lórí tábìlì ìdáná, tí wọ́n ń wọn omi, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Omi o! Gíráàmù 350 omi sí 500 fúláwà, kí sítátà jẹ́ 100, kí iyọ̀ jẹ́ 10, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Èèyàn tí kì í ka ṣéńjì tó bá gbà lọ́wọ́ ọlọ́kadà ló wá dẹni tó ń wọn omi.

Kí n má purọ́, wọ́n gbìyànjú. Mo kan sáárá sí wọn. Kéèyàn po ìyẹ̀fun mọ́mi sínú ìgò, kó máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó máa bù ú, kó máa fi kún un, títí àwọn ohun àìrí tó wà lára ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ á fi jí, tí èyí á máa mú un wú, tí tọ̀hún á máa mú un kan, ẹni tó bá lè ṣèyẹn ní sùúrù ju èmi tí mò ń dúró de iná lọ. Yíìsì inú ọ̀rá tó lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún kí oòrùn tó yí wà lọ́jà Ìgbọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún 2020 tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, yíìsì wọ́n bí ojú ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ di onísítátà nìyẹn. Àìní ló kó wọn débẹ̀. Àìní àwọn ti wa ni mò ń wá kiri tí mi ò rí.

Orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Dúrójayé kọ́ ni àkọ́bí. Àkọ́bí wọn ń jẹ́ Ìyẹ̀fúnmiláyọ̀. Ó wú, ó hó, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n gbé e sórí WhatsApp àdúgbò, àwa tí a ò mọ ohun tí à ń wò sì ń kọ “ẹ kú oríire” sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí iná lọ fún ìgbà pípẹ́, ìgò náà sì wà nínú ooru tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò ó, ni ojú rẹ̀ bá yọ àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Wọ́n ní tó bá ti yọ pupa, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n dà á nù. Wọ́n bí èkejì, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ fi omi híhó bọ́ ọ, Málọmọ́ náà lọ. Ìgbà tí ẹ̀kẹta dé ni wọ́n fura pé ọ̀kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró jayé.

Ó dáa. Tó bá jẹ́ abíkú ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é. Àmì dà? Wọn ì bá ti fi abẹ sàmì sí Málọmọ́ lára kí wọ́n tó dà á sẹ́yìnkùlé, kí Dúrójayé lè gbé àpá náà wáyé ká fi dá a mọ̀. Ṣaworo ńkọ́? Mo tẹ̀lé ìyàwó mi lọ wò ó, mo sì rí i pé wọn ò jáfara níbẹ̀ yẹn: rọ́bà pupa kan wà ní ìbàdí ìgò náà, ó fún un pinpin. Ìyá ilé ní òun fi ń mọ ibi tó ga dé ni. Tó bá jẹun tán tó gun òkè kọjá rọ́bà débi pé ó di ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ le. Tí kò bá kúrò nísàlẹ̀, àìsàn ń ṣe é. Mo bi í bóyá wọ́n ti mọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lọ́run. Ó ní San Francisco ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Òótọ́ ló sọ o. Ilé búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Boudin, wọ́n ní sítátà ti ọdún 1849 ni wọ́n ṣì ń bọ́ títí dòní, pé nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1906, garawa ni Louise Boudin fi gbé e sá jáde. Ní Sankt Vith ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, láti 2013, wọ́n to ìgò sítátà lóríṣiríṣi sínú fíríìjì onígíláàsì, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní láíbìrárì. Ẹgbẹ́ ńlá ni. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò tíì se sàárà? Ẹ̀wà dà, ìrèké dà, àádùn dà, kí ẹ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n jó, kí ẹgbẹ́ fi Dúrójayé sílẹ̀ fún wa? Èmi ti ní oríkì rẹ̀ nílẹ̀: Dúrójayé, ajíhó-bí-ọṣẹ, ajẹ-fúláwà-má-pọnmi, ọmọ bíbí inú ìgò tí í fi orí ara rẹ̀ ṣí ìdérí. Ẹ rí i, mo gbìyànjú láti bá yín ṣe é.

Àfi lọ́jọ́ tí mo dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ ọ. Ìyá ilé ṣí ìdérí, òórùn kíkan jáde. Ó ti síbí onígi bọ inú rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń fà yọ̀ọ̀, ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Ó wọn gíráàmù 50 sọ́tọ̀ sínú ìgò mìíràn. Èyí tó kù, tó ju ìlàjì lọ dáadáa, ó gbọ̀n ọ́n sínú síǹkì, ó ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí. Mo ní kí ló dé? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé tí òun ò bá dà á nù, á kan jù, á sì kún ilé.

Fúláwà lẹ ń dà nù! Àlìkámà tí ọ̀pọ̀ jù rẹ̀ ń gba orí òkun wọ̀lú, tí a ń fi dọ́là rà, tí ìyá oní-pọ́fùpọ́ọ̀fù Ọjà-Ọba fi sọ pọ́fùpọ́ọ̀fù di ohun téèyàn ń ju mẹ́ta sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà kó tó mọ̀ pé òun jẹ nǹkan. Òun lẹ ń fi omi ṣàn lọ láàárọ̀, tí ẹ tún ń fi omi ṣàn lọ lálẹ́, tí ẹ ń yà á ní fídíò. Ìnákúnàá ni. Ẹni tó bá ní òun ń fi èyí tó kù dín páńkéèkì, mo gbọ́, kó gbé páńkéèkì náà wá ká rí i.

Ìyá mi ta ògì. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń dà nù nínú ògì. Wọ́n á rẹ àgbàdo, tó bá di ọjọ́ kẹta wọ́n á gbé e lọ sẹ́rọ, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí, ti ewúrẹ́. Omi ògì, ti ẹni tó fẹ́ fi rẹ egbò mu. Ògì, tiwa àti ti oníbàárà. Tó bá ti fẹ́ kan jù, wọ́n á pààrọ̀ omi orí rẹ̀. Ìkòkò yẹn ò lórúkọ. Àwa ọmọ là ń jẹ́ orúkọ nílé wa, wọn kì í sì í fi oríkì pè wá àfi tí iṣẹ́ bá wà ní rírán. Òṣogbo ìlú aró sì la wà yìí, níbi tí ewé ẹlú ti ń rà nínú ìkòkò fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bá mi wá aláró kan tó dìde láàárín ìpàdé pé ìkòkò òun kò tíì jẹun.

Èyí tó wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni pé nílé igbákejì alága yìí kan náà, wọ́n lẹ òfin mọ́ ara ògiri fún àwọn ayálégbé. Mo kà á: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ fùfú nínú ọgbà yìí nítorí òórùn. Obìnrin kan tó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú garawa lẹ́yìn ilé, wọ́n fún un níwèé pé kó kó jáde. Ẹ̀gẹ́ tó kan nínú garawa, òórùn ni. Fúláwà tó kan nínú ìgò, ọmọ ni.

Ọmọ tí kò sì lè gba ooru! Àwọn òyìnbó tó kọ ìlànà rẹ̀ ní kí ibi tó wà má ju ìwọ̀n Celsius 24 sí 27 lọ. Ní Òṣogbo, nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ìdí nìyẹn tí Dúrójayé fi ń gbé inú fíríìjì. Iná ò sí, nítorí tiransifọ́mà. Jẹnẹrétọ̀ ló kù, ojú fèrèsé yàrá mi ni ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ sí. Ẹ bá mi rò ó: ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí kò tíì dáwó tiransifọ́mà ń ra epo lálaalẹ́ kí ooru má baà mú fúláwà.

Wọ́n fún wa nínú búrẹ́dì wọn jẹ o, kí ẹ má pè mí ní aláìmoore. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kan ìdí búrẹ́dì náà, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo kàn án. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ le débi pé ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí ẹ̀, inú rẹ̀ jẹ́ kìkì ihò, ihò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń yangàn. Mo bu ẹ̀wà lé e, ẹ̀wà gba ihò kan wọlé, ó gba ihò kejì bọ́ sára bùbá mi. Búrẹ́dì nìyẹn? Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ní 1921, àwọn tó tẹ̀lé e ló sì fún wa ní búrẹ́dì Agége. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí rélùwéè tó dúró ní Sítéṣọ̀n, àwọn oníbúrẹ́dì ti gbé igbá sórí. Búrẹ́dì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó máa dìde padà fúnra rẹ̀, tó gbóná, tí ẹ̀wà ń jókòó jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọn omi sí i.

Mo gbọ́ pé ní Stockholm, wọ́n ti ṣí òtẹ́ẹ̀lì rí fún sítátà, tí ẹni tó ń rìnrìn-àjò ń sanwó kí wọ́n máa bá a bọ́ ọ títí yóò fi dé. Òṣogbo kò tíì ní irú ẹ̀, ìyẹn ni ìyá Dúrójayé ṣe wá bá ìyàwó mi lánàá. Wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó n’Ílọrin. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́, kí wọ́n wọn ọ́n, kí wọ́n má gbàgbé láti sún rọ́bà. Ìyàwó mi ti gbà, kò bi mí. Ó dáa náà, kí wọ́n gbé e wá. Ilé mi ò ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà wà, epo wà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń fi fúláwà tó bá ti wú ṣe. Tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n wá bá mi bù ú nínú abọ́ níwọ̀nba, kí wọ́n sì ti máa ronú orúkọ ẹ̀kẹrin. Kòkúmọ́ ṣì wà nílẹ̀.