Ṣé Lílé Kóòṣì Ló Ń Mú Ẹgbẹ́ Tó Ń Pàdánù Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Borí?

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti pàdánù ìdíje mẹ́rin léra wọn, ohùn kan náà lẹ máa gbọ́ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, láti Mókọ́lá títí dé Peckham: "Ẹ lé kóòṣì yẹn dànù!" Wọ́n á lé e lóòótọ́, tuntun á dé, ẹgbẹ́ náà á borí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn tó pariwo á ní, "Àbí ẹ ò rí i?" Ohun tí wọn ò rí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ náà ì bá borí bí wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Netherlands, Bas ter Weel, yẹ àbájáde líìgì àgbà ilẹ̀ náà wò láti 1986 sí 2004. Kò wo àwọn tó lé kóòṣì nìkan. Ó tún ṣa àwọn ẹgbẹ́ tí nǹkan bà jẹ́ fún lọ́nà kan náà, àmọ́ tí wọn ò lé kóòṣì wọn, ó wá gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tọ̀tún tòsì ló gbérí padà. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn tó léni gbérí ju àwọn tí kò léni lọ.

Ìdí rẹ̀ ò ta kókó. Ìgbà tí nǹkan bá burú jù lọ ni àwọn aláṣẹ máa ń léni, ohun tó sì ń jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀ máa ń ní oríburúkú nínú: bọ́ọ̀lù ń gbá òpó, atamátàsé farapa, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta wá léra wọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ títí. Bí ibà bá ti gbóná dé góńgó, agbo tí wọ́n mu kẹ́yìn ló máa ń gba ìyìn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ Crystal Palace, ẹgbẹ́ kan ní England, ti ọdún 2017 wò, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀rí. Kóòṣì wọn, Frank de Boer, pàdánù ìdíje líìgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣe, Palace ò sì gbá góòlù kankan wọlé. Wọ́n lé e ní oṣù Kẹsàn-án, Roy Hodgson gbaṣẹ́, ní ìparí sáà wọ́n wà ní ipò 11 pẹ̀lú pọ́ìntì 44. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ ka àwọn ìdíje náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hodgson náà pàdánù mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣe: 0-1 lọ́wọ́ Southampton, 0-5 lọ́wọ́ Manchester City, 0-4 lọ́wọ́ Manchester United. Kóòṣì méjì, ìdíje méje, kò sí góòlù. Ní 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó na Chelsea 2-1. Ta ló padà sórí pápá lọ́jọ́ náà? Wilfried Zaha, tó farapa ní orúnkún nínú ìdíje àkọ́kọ́ sáà náà, tí kò sì sí nínú mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Òun gan-an ló gbá góòlù kejì. Kódà nínú ìdíje tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé De Boer, iwájú ilé Burnley ni Palace wà fún ọ̀pọ̀ àkókò. Góòlù kan tí Burnley rí, ìṣẹ́jú kẹta ni, láti inú bọ́ọ̀lù tí ọmọ Palace kan dá padà sẹ́yìn tí kò lágbára tó. A ò sọ pé Hodgson ò ṣe nǹkan kan o. Ó to ọwọ́ ẹ̀yìn àti àárín ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì jẹ́ kó dúró. Àmọ́ ẹni tó bá ní lílé De Boer ló tún Palace ṣe, kó wá sọ ibi tó fi Zaha sí.

Apá kejì ìtàn náà ni wọn kì í sábà rántí. Leicester City ọdún 2014-15 wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ pẹ̀lú pọ́ìntì 19 lẹ́yìn ìdíje 29. Nigel Pearson ló ń kọ́ wọn, òun náà ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n borí méje nínú mẹ́sàn-án tó kù, tí wọ́n parí pẹ̀lú 41. Borussia Dortmund ti Jürgen Klopp wà ní ipò 18, tó jẹ́ ìkẹyìn pátápátá ní Jámánì, ní oṣù Kejì ọdún 2015. Wọ́n parí sí ipò keje. Klopp fúnra rẹ̀ ló pinnu láti lọ lẹ́yìn sáà náà. Watford ńkọ́, àwọn tí kì í fi lílé kóòṣì ṣeré? Ní 2021-22 wọ́n lo kóòṣì mẹ́ta, Xisco Muñoz, Claudio Ranieri àti Hodgson kan náà, wọ́n gba pọ́ìntì 23, wọ́n sì já sí líìgì ìsàlẹ̀.

Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Amodu Shaibu mú Super Eagles yege fún Ife Àgbáyé, fún 2002 àti fún 2010. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún méjèèjì yẹn, ó gbé wọn dé ipò kẹta ní Ife Áfíríkà, wọ́n sì lé e kí Ife Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀. Adégbóyè Onígbìndé ló kó wọn lọ ní 2002: pọ́ìntì kan. Lars Lagerbäck láti Sweden ló kó wọn lọ ní 2010: pọ́ìntì kan.

Ẹnì kan á ní Chelsea ńkọ́. Òótọ́ ni: Roberto Di Matteo gbaṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ó gba Champions League, Thomas Tuchel gbaṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó gbà á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀ ti tó ife gbà kí wọ́n tó dé, Tuchel sì yí ohun kan tó ṣeé fojú rí padà: ó to ọwọ́ ẹ̀yìn ní mẹ́ta. Ìyípadà bẹ́ẹ̀ lẹ máa wá. Bí kóòṣì tuntun kò bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ lásán ni wọ́n pààrọ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ tó ń pàdánù máa wá ṣe? Kí wọ́n kọ́kọ́ kà ná. Kí wọ́n fi àtẹ líìgì sílẹ̀, kí wọ́n mú fídíò ìdíje mẹ́wàá tó kọjá, kí ẹnì kan jókòó tì í pẹ̀lú ìwé. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé, tiwọn àti ti alátakò, kó kọ ibi tí wọ́n ti gbá a sílẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí orí, àti bí bọ́ọ̀lù náà ṣe débẹ̀: kọ́nà, tíróò, àbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n já gbà. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ìṣirò ń pè ní xG nìyẹn: báwo ni irú bọ́ọ̀lù yìí ṣe máa ń wọlé tó? Pẹ́náritì máa ń wọlé ní nǹkan bí 78 nínú 100. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá láti ìta éítìn (àpótí ńlá iwájú golí), bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú 100. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló ń wọlé. Ẹgbẹ́ tí kò lówó ìṣirò lè lo òṣùwọ̀n ọwọ́: 0.35 fún àpótí kékeré iwájú golí, 0.15 fún àárín éítìn, 0.06 fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 0.03 fún ìta. Bí ó bá jẹ́ orí, kí wọ́n pín in sí méjì. Kí wọ́n yọ pẹ́náritì sọ́tọ̀, kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi mẹ́wàá pín in.

Ọ̀pọ̀ máa ń ṣìṣe níbì kan. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti gbá góòlù méjì sínú ilé rẹ̀ á máa gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé ṣáá, torí alátakò ti sá sẹ́yìn lọ ṣọ́lé. Ìṣirò á wá dà bíi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Nítorí náà, kí wọ́n ka àwọn ìṣẹ́jú tí ìdíje ṣì wà ní ọ̀mì sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Bí tiwọn bá fi nǹkan bí 0.2 tàbí 0.3 kéré sí ti alátakò nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, nǹkan ò tíì bà jẹ́, kí wọ́n ní sùúrù. Bí ó bá ti dé 0.7, kì í ṣe oríburúkú mọ́.

Bọ́ọ̀lù tó dúró ni ibi tó yá jù láti tún ṣe: kọ́nà, fíríkìkì, tíróò gígùn. Kọ́nà bíi mẹ́ta péré nínú 100 ló ń di góòlù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kóòṣì kì í fi kà á sí. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àtẹ kì í rí àyè gbá bọ́ọ̀lù tó pọ̀ láàárín eré. Bọ́ọ̀lù tó dúró nìkan ni wọ́n ti lè to ènìyàn síbi tó wù wọ́n kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Ní 2023-24, góòlù 16 ni Arsenal rí láti kọ́nà nínú líìgì. Wọ́n ní kóòṣì tí kò níṣẹ́ méjì lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tó dúró, Nicolas Jover.

Bí ẹ bá ń ṣọ́lé, ẹ fi márùn-ún sí ojú àpótí kékeré: ọ̀kan ní òpó ìtòsí, mẹ́ta ní ìlà kan níwájú golí, ọ̀kan níwájú wọn díẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta dènà àwọn tó mọ orí kàn jù. Ẹ fi ọ̀kan sí ẹnu éítìn, ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ti lè gbá kọ́nà kúkúrú. Iṣẹ́ àwọn mẹ́ta tó ń dènà kì í ṣe láti kan bọ́ọ̀lù. Kí ẹni tó ń sáré bọ̀ má lè sáré dáadáa ni. Ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bà jẹ́: gbogbo wọn dúró sójú kan, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sì ti ẹ̀yìn sáré bíi ìṣísẹ̀ márùn-ún wá. Ẹni tó dúró ò lè fò tó ẹni tó ń sáré bọ̀. Bí alátakò bá gbá a kúkúrú, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jáde lọ bá wọn, nítorí ẹnì kan kò lè dá dí méjì lọ́nà. Tí wọ́n bá sì ti gbá bọ́ọ̀lù kúrò, golí nìkan ni kó pariwo "Ẹ jáde!" Bí ẹni méjì bá ń pariwo, ìdajì á jáde, ìdajì á dúró, bọ́ọ̀lù kejì á bá alátakò lójú ilé láìsí ófúsáìdì.

Bí ẹ bá ń kọlù, irú méjì ti tó: ọ̀kan sí òpó ìtòsí, ọ̀kan sí ọ̀nà jíjìn. Ẹnì kan náà ni kó máa gbá a láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ènìyàn tó ń dènà lóòótọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi kọ́nà dánra wò láìsí alátakò ń tan ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àlàfo. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ wọn, láti ẹ̀yìn pátápátá dé ọ̀dọ̀ atamátàsé kò yẹ kó ju mítà 35 lọ. Nínú ẹgbẹ́ tó ń pàdánù, àwọn olólùfẹ́ ń kígbe "Ẹ lọ gbà á!", iwájú á sáré lọ, ọwọ́ ẹ̀yìn tó mọ̀ pé òun ò yára á máa bẹ̀rù bọ́ọ̀lù tó ń gba orí òun kọjá, á dúró sẹ́yìn. Àlàfo á di mítà 50. Ọmọ àárín alátakò á gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, á yí padà, á tún ní àyè láti gbójú sókè. Kóòṣì tó bá ní kí ẹ̀yìn máa gòkè wá ń wá wàhálà. Iwájú ni kó fà sẹ́yìn, wá sí ìlà àárín pápá. Kò dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ó lè dín góòlù tí wọ́n ń gbá wọlé wọn kù.

Ìdárayá náà tún wà níbẹ̀. Kóòṣì tuntun sábà máa ń fi ìyà bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, sísá òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni iṣan ẹ̀yìn itan á máa fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdíje bá jẹ́ Sátidé, kí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sinmi ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn tí kò gbá a ṣiṣẹ́ gidi. Mọ́ńdè: ìsinmi. Túsìdeè: eré ní ààyè kékeré. Wẹ́sìdeè: pápá ńlá, pẹ̀lú eré àsápajúdé mẹ́rin sí mẹ́fà. Tọ́sìdeè: ètò ìdíje. Fráìdeè: ìṣẹ́jú 45, kọ́nà àti fíríkìkì.

Ní NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, gbogbo èyí lè má wúlò bí wọn ò bá tíì sanwó oṣù. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta, tó sì fi bọ́ọ̀sì rìn láti Ìbàdàn dé Maiduguri, kò nílò kóòṣì mìíràn. Owó rẹ̀ àti ọjọ́ kan láti sùn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ló nílò. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ á ní "Borí ìdíje méjì tàbí kí o máa lọ." Bí méjèèjì bá jẹ́ tilé, kóòṣì á yè, bí méjèèjì bá jẹ́ tìta, ó ti lọ nìyẹn. Kò kan ìmọ̀ rẹ̀ rárá, ìwé ètò ìdíje ló dájọ́ náà. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ò tọ ọ̀nà yẹn: wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, ipò kejì ní 2024, wọn ò sì lé kóòṣì wọn, Daniel Ògúnmọ́dẹdé, títí ó fi gba líìgì náà ní 2025.

Kóòṣì tó yẹ kó lọ ṣì wà o. Bí ìṣirò bá ti burú fún ìdíje mẹ́wàá pẹ̀lú ara pípé, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì mọ ohun tó ní kí wọ́n ṣe àmọ́ tí wọn ò ṣe é mọ́, ó ti tán nìyẹn. Kí wọ́n dúró di àkókò ìsinmi fún ìdíje orílẹ̀-èdè, kí kóòṣì tuntun lè rí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí àdéhùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó lé ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó fọwọ́ síwèé: nínú àwọn tó wà nílẹ̀ yìí, láìra ẹnikẹ́ni, àwọn mọ́kànlá wo lo máa lò, báwo lo ṣe máa tò wọ́n? Bí ó bá ní òun nílò atamátàsé tuntun kí òun tó lè dáhùn, kí wọ́n fi owó tí wọn ì bá fi lé ti tẹ́lẹ̀ ra atamátàsé náà fún ẹni tó wà níbẹ̀.