Méyọ̀, Ẹ Má Fi Èyí Tó Burú Pamọ́ Fún Wa

Ẹ̀yin náà á ti rí irú fídíò yẹn rí. Méyọ̀, olórí ìjọba ìlú, wọ ẹ̀wù tó ń dán yanran bíi tàwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, ó dé akoto sórí, ọlọ́pàá méjì mẹ́ta dúró lẹ́yìn ẹ̀, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ó ní ìwà ọ̀daràn ti lọ sílẹ̀ nílùú wa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú, ó juwọ́, fídíò parí. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ fídíò fọ́fọ́, "ẹ kú iṣẹ́ sà", "méyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́", ẹni tó bá wá ṣèèṣì bèèrè pé ìwà ọ̀daràn wo ló lọ sílẹ̀, láti ìgbà wo, ní àdúgbò wo, wọ́n á ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni.

A ò sọ pé kí méyọ̀ má sọ̀rọ̀ o, ẹ jẹ́ ká tètè la ìyẹn mọ́lẹ̀. Méyọ̀ tó dákẹ́ burú ju èyí tẹ́nu ẹ̀ ò dákẹ́ lọ, torí tí ọ̀gá ìlú bá ti panu mọ́, àhesọ ló máa gba ìlú kan, WhatsApp á di ọ́fíìsì méyọ̀, gbogbo ẹni tó ní fóònù á sì di agbẹnusọ. Ohun tí à ń sọ ni pé ìròyìn tí méyọ̀ ń fún wa nípa ìlú àti ààbò, ó yẹ kó jẹ́ ìṣirò iṣẹ́ tá a gbé lé e lọ́wọ́. Owó orí wa ni wọ́n fi ń san owó oṣù ẹ̀. Tó bá wá síwájú wa, kó sọ èyí tó ṣe, kó sọ èyí tí kò tíì ṣe, kó sì sọ èyí tó gbìdánwò ẹ̀ tí kò bọ́ sí i. Ìkẹta yẹn gan-an là ń wá, òun gan-an ni wọn kì í sọ.

Kí méyọ̀ máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ tààrà kì í ṣe nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Fiorello La Guardia tó jẹ́ méyọ̀ New York nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjọọjọ́ Sunday ló ń bọ́ sórí WNYC, rédíò ìlú fúnra ẹ̀, á sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, á sọ̀rọ̀ nípa iye tí ọjà ń lọ, á bú àwọn tó ń rẹ́ ará ìlú jẹ. Ní July 1945 tí àwọn tó ń pín ìwé ìròyìn daṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sídìí máìkì, ó ń ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn fáwọn ọmọdé. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé fi ń rántí ẹ̀ dòní, ẹ̀fẹ̀ yẹn náà làwọn méyọ̀ ìsìnyí sì mú, wọ́n fi ọ̀rọ̀ iye ọjà sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí nọ́ńbà tí méyọ̀ ń kà yẹn ṣe ń dé ẹnu ẹ̀. Ká ní wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan níbùdókọ̀ lálẹ́. Ó lọ sí tẹ́ṣàn. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà bi í pé, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe pé ó já bọ́ lọ́wọ́ yín?" Ó ní wọ́n já a gbà ni. Ọlọ́pàá ní ṣé ó rí ojú ẹni náà, ó ní rárá, ó ní ṣé ó ní ẹlẹ́rìí, obìnrin náà ní àwọn èèyàn wà níbẹ̀ àmọ́ wọ́n ti wọkọ̀ lọ. Ilẹ̀ ń ṣú sí i, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìwé tó máa fi gba síìmù tuntun ló kàn ń wá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé fóònù sọnù, ó gba ìwé ẹ̀, ó lọ. Ẹ̀ṣọ́ ò dé ibùdókọ̀ yẹn, olè ò kúrò níbẹ̀, àmọ́ tí nọ́ńbà oṣù bá fi máa dé orí tábìlì méyọ̀, olè jíjà ti fi kan dín, méyọ̀ á wá jáde, á ní ẹ bá wa dúpẹ́.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú ńláńlá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní November 2014, àwọn tó ń bẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò ní England àti Wales gbé ripọ́ọ̀tù jáde pé nínú ìwà ọ̀daràn táwọn èèyàn fi tó ọlọ́pàá létí, nǹkan bíi 19% ni ọlọ́pàá ò kọ sílẹ̀ rárá, ìyẹn sì lé ní 800,000 lọ́dún kan. Kí ripọ́ọ̀tù yẹn tó jáde, ní January ọdún yẹn kan náà, àjọ tó ń mójú tó ìṣirò ìjọba níbẹ̀ ti gba òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé nọ́ńbà ṣeé gbára lé kúrò lára nọ́ńbà ọlọ́pàá. Ní Los Angeles, ọdún 2014 yẹn náà ni ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú u jáde pé láàárín ọdún kan péré, ọlọ́pàá ti kọ ìwà ipá tó sún mọ́ 1,200 sílẹ̀ bíi ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́. Irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a, kí ni ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún tí wọ́n kọ tiẹ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ fẹ́ ṣe láàárín ogún ọdún yẹn?

Ìdí tá a fi ń sọ pé kí méyọ̀ má gbára lé ìwé ọlọ́pàá nìkan nìyẹn. Ọsibítù mọ èyí tí ọlọ́pàá ò mọ̀. Ní Cardiff, ní orílẹ̀-èdè Wales, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, Jonathan Shepherd, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ìgò àti kọ́ọ̀pù gún lójú tó ń rán, ọ̀rọ̀ wọn ò dé etí ọlọ́pàá rí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó bá dé pàjáwìrì pé ibo ló ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ìgbà wo, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́, wọ́n á yọ orúkọ kúrò, wọ́n á kó ìyókù fún ìjọba ìlú àti ọlọ́pàá, àwọn yẹn á wá mọ ilé ọtí tí wọ́n á máa dúró sí. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbé èsì wọn sínú ìwé ìṣègùn BMJ ní 2011, wọ́n ní iye àwọn tí wọ́n ń dá dúró sí ọsibítù nítorí ìwà ipá fi 42% dín ní Cardiff tí wọ́n bá fi wé àwọn ìlú tó jọ ọ́. Kò sí fídíò, kò sí orin lábẹ́lẹ̀.

Òmíràn tún wà níbẹ̀ táwọn méyọ̀ ń bẹ̀rù lásán. Nọ́ńbà tó gòkè kì í fi gbogbo ìgbà burú. Tí wọ́n bá ṣí ibi táwọn obìnrin tí ọkọ ń lù ti lè fẹjọ́ sùn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹjọ́ á pọ̀ sí i lọ́dún yẹn, lílù náà sì lè máà pọ̀ sí i rárá o, ẹnu ló ṣí. Méyọ̀ tó bá lójú inú á jáde, á ní nọ́ńbà yìí gòkè, ìdí tá a fi rò pé ó gòkè rèé. Àmọ́ ìgbà tó bá jẹ́ pé gbogbo oṣù ni gbogbo nǹkan ń lọ sílẹ̀, lọ́dún méjì, lọ́dún mẹ́ta, tí kò sí ìgbà kankan tí nǹkan kan burú, àwa tíṣẹ́ wa jẹ́ ká máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fọwọ́ tún nọ́ńbà ṣe.

Méyọ̀ tó wù wá kó jẹ́ àwòkọ́ṣe ni Rodrigo Guerrero tó wọlé ní Cali, Kòlóńbíà, ní 1992. Dókítà ni, ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń ràn láwùjọ ló kọ́. Ìpànìyàn pọ̀ ní Cali nígbà yẹn débi pé gbogbo èèyàn ti gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta kokéènì ni, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i. Nọ́ńbà òkú tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá yàtọ̀, ti ilé-ẹjọ́ yàtọ̀, ti àwọn tó ń yẹ òkú wò tún yàtọ̀. Guerrero ní kí gbogbo wọn wá jókòó pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n mú òkú kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo, wákàtí wo, ibo, kí ni wọ́n fi pa á. Nígbà tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ jọ, ó hàn pé òpin ọ̀sẹ̀ ni ìpànìyàn ń pọ̀ jù, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbowó, àti nígbà ọdún, ọtí àti ìbọn sì ni. Ó wá fòfin de gbígbé ìbọn kiri láwọn ọjọ́ yẹn. Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, náà ṣe irú ẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwádìí tó sì jáde nínú ìwé ìṣègùn JAMA ní 2000 sọ pé ìpànìyàn fi bíi 14% dín ní Cali àti 13% ní Bogotá láwọn àsìkò tí òfin náà fi múlẹ̀. 14% lè dà bíi pé kò tó nǹkan létí ẹni tí kò sin ọmọ rí.

Antanas Mockus tó ṣe méyọ̀ Bogotá lẹ́ẹ̀mejì, 1995 sí 1997 àti 2001 sí 2003, tiẹ̀ ní ariwo nínú. Ó kó àwọn òṣèré tí kì í sọ̀rọ̀, tí wọ́n kun ojú ní funfun, sójú títì kí wọ́n máa fi àwọn awakọ̀ tí ò dúró fẹ́lẹ́sẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, awakọ̀ tí kò bẹ̀rù owó ìtanràn wá ń bẹ̀rù kí wọ́n má fòun rẹ́rìn-ín. Ó tún pàṣẹ pé kí ilé ọtí máa ti ìlẹ̀kùn ní aago kan òru. Ìpànìyàn tó wà ní bíi 80 nínú 100,000 èèyàn ní 1993 kò tó 30 mọ́ nígbà tó fi sílẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é, méyọ̀ míì wà láàárín, ọlọ́pàá náà sì yí padà, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ tiẹ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí ijó tí wọ́n ń jó fún wa lórí TikTok báyìí.

Ọ̀rọ̀ iná títì náà ńkọ́? Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé méyọ̀ tó ń ka iye bóòbù tó kú ń fi àkókò ṣòfò. Ní 2016, New York gbé iná ńláńlá lọ sáwọn ibi kan tí ilé tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú wà, wọ́n fi àwọn míì sílẹ̀, kèké ni wọ́n fi yàn wọ́n kó má bàa sí ojúsàájú, ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru sì fi nǹkan bíi 36% dín níbi tí wọ́n gbé iná sí. Ẹ wá sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Baltimore, ní Amẹ́ríkà, la ti rí èyí tó dùn àti èyí tó korò pọ̀. Méyọ̀ Martin O'Malley bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ CitiStat ní 2000, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka á wá dúró pẹ̀lú nọ́ńbà wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á da ìbéèrè bò wọ́n. Ó ṣèlérí pé ihò ojú títì tí ará ìlú bá fi tóni létí, láàárín wákàtí 48 wọ́n máa dí i, ìyẹn ṣeé ṣe. Ó tún ṣèlérí pé ìpànìyàn máa wálẹ̀ sí 175 lọ́dún, ìyẹn ò ṣeé ṣe títí tó fi kúrò. Torí pé ó ti sọ nọ́ńbà yẹn lójú gbogbo ayé, ará ìlú rí ohun dì mú láti fi bi í. Èyí tó ń sọ pé "à ń sa gbogbo ipá wa" kò fún wa ní nǹkan kan láti dì mú, ó sì mọ̀.

Ohun tí inú wa ò dùn sí jù ni kí wọ́n máa kó àwọn tí wọ́n fura sí síwájú kàmẹ́rà pẹ̀lú méyọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Adájọ́ ò tíì gbọ́ ẹjọ́, ojú ti kún íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, méyọ̀ kì í ṣe fídíò ìyẹn. Ká má tíì sọ ti àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n máa ń gbé ilé wọn, géètì wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn, jáde kí ẹbí tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bulọ́ọ̀kì ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà tún wà níbẹ̀. Ní March 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tó wá láti Port Huron ní Michigan, níbi tí alákòóso ìlú ti pa ọ̀rọ̀ tí ará ìlú kan kọ sí Facebook ẹ̀ rẹ́, tó sì bulọ́ọ̀kì ẹ̀. Wọ́n ní tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, tó sì jẹ́ pé àṣẹ yẹn ló ń lò níbi tó ń kọ nǹkan sí, ìwà ìjọba nìyẹn, òfin lè bi í. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló ń sọ, ìyẹn yàtọ̀. Ó yẹ kí méyọ̀ kankan máà dúró de ilé-ẹjọ́ kó tó mọ̀ pé ojú ìwé tó fi ń sọ fún wa pé wọ́n ti ọ̀nà kan pa, ti gbogbo wa ni.

Àwọn kan á ní tá a bá ń ka èyí tó burú síta, àlejò á sá, oníṣòwò á sá, ọ̀daràn á sì mọ ibi tí ààbò ò ti tó. Ọ̀daràn ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ni ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba ibẹ̀ lálẹ́. Oníṣòwò ní tiẹ̀ máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò kó tó gbowó kalẹ̀, fídíò méyọ̀ kọ́ ló ń wò.

Torí náà, kí gbogbo ìròyìn méyọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó sọ nígbà tó kọjá, èyí tó yọrí àti èyí tí ò yọrí. Kó jẹ́ ọjọ́ kan náà lóṣù, oṣù ìbò pàápàá, kí wọ́n kà á ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, títí kan àdúgbò tí kò dìbò fún un, kí wọ́n má sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ padà láìsọ fún wa. Kí nọ́ńbà ọsibítù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ọlọ́pàá. Tí oṣù kan bá sì burú, kí méyọ̀ fúnra ẹ̀ jáde wá sọ ọ́, kó má rán agbẹnusọ.