"Má ka àyọkà, kíwọ́ọ̀dù ni kó o wá": irọ́ tó ń gba máàkì lọ́wọ́ wa nínú IELTS

Kò sí kíláàsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun ń ṣe, tẹ́ ẹ máa wọ̀ nílẹ̀ wa, kò sí gúrúùpù WhatsApp àwọn tó fẹ́ jápa, tẹ́ ò ní bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀: "Tó bá kan Reading, apá ìwé kíkà, má ka àyọkà o! Kò sí àkókò. Ka ìbéèrè, fàlà sábẹ́ kíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó nínú ìbéèrè, kó o wá a lọ sínú àyọkà. Ibi tó o bá ti rí i, ìdáhùn wà níbẹ̀." Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà wa, mo sì gbà á bí ẹni gba Ìhìn Rere. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe wí. 6 nínú 9 ni mo gbà, èmi tí mo ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkókò yẹn, torí òun ni gbogbo wa ò yẹ̀ wò. Àyọkà mẹ́ta ló wà nínú Reading ti Academic (ọ̀kan nínú oríṣi IELTS méjì), ìbéèrè 40, wákàtí kan gbáko. Téèyàn bá ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nǹkan bíi 2,150 sí 2,750 ló máa jẹ́. Ẹni tí kò yára rárá, tó ń ka ọ̀rọ̀ 150 péré ní ìṣẹ́jú kan, á kà á látòkè délẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 19. Ìṣẹ́jú 41 ṣì kù nílẹ̀ fún ìbéèrè 40. Kí ló wá ń jẹ àkókò wa? Lílọ bíbọ̀ nínú àyọkà tá ò kà ni, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá tí NEPA ti mú iná lọ. Ìbéèrè kìíní, o lọ wá a. Ìkejì, o tún padà lọ. Tó o bá fi máa dé ìkẹwàá, o ti ka àyọkà yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ní díẹ̀díẹ̀, o ò sì mọ ohun tó ń sọ.

Kíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ̀ pé à ń wá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà síbi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ wo èyí. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀, kò sí nínú ìdánwò kankan, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ pańpẹ́ nìyí. Ká ní àyọkà sọ pé: "Few of the farmers who kept bees did so for the honey." Ìbéèrè wá ní kó o sọ bóyá True (òótọ́), False (irọ́) tàbí Not Given (àyọkà ò sọ) ni èyí: "Most of the beekeepers had a reason other than honey." Ẹni tó ń wá kíwọ́ọ̀dù ti rí "honey", inú ẹ̀ ti dùn. "Few" ló wà lókè, "most" ló wà nísàlẹ̀, wọn ò bára mu, ó yára kọ False. Bẹ́ẹ̀, True ni. Tó bá jẹ́ díẹ̀ nínú wọn ló ń sin oyin torí oyin (èdè wa ò tiẹ̀ ya kòkòrò náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí à ń lá), a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wá.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e lè sọ pé oyin àwọn àgbẹ̀ yẹn tà dáadáa. Ta ni kò mọ̀ pé oyin máa ń tà? O kọ True. Àyọkà ò sì mẹ́nu ba ọjà níbì kankan, Not Given ni. Ibí gan-an ni ọgbọ́n kíwọ́ọ̀dù ti máa ń já síra ẹ̀: báwo lo ṣe fẹ́ wá ohun tí kò sí níbẹ̀? Ẹni tó ti kà á nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí.

N ò ní parọ́ mọ́ ọn ṣá. Tí ìbéèrè bá dá lórí orúkọ èèyàn, ọdún tàbí iye, wá a lọ tààrà, torí ìwọ̀nyẹn ṣòro fún wọn láti pa láró.

Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo padà lọ ṣe ìdánwò náà ò le. Mo ka àyọkà lẹ́ẹ̀kan, n ò dúró ti ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: "ìṣòro", "ẹni tó takò ó", "owó". Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìbéèrè. Ìbéèrè True/False máa ń tẹ̀ lé bí àyọkà ṣe ń lọ, torí náà ìdáhùn ìkẹta kì í wà lókè ìkejì. Ti headings, níbi tí wọ́n ti ń ní ká yan àkọlé fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ẹ̀ tán. Orí ìwé ìdáhùn ni mo kọ gbogbo ẹ̀ sí lójú ẹsẹ̀, nítorí wọn ò fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dà á kọ bíi ti Listening, apá gbígbọ́, tá a fi ìwé ṣe. Èyí tí mi ò mọ̀, mo méfò, wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe.

Nǹkan bí 23 nínú 40 ló ń jẹ́ 6, nǹkan bí 30 ló ń jẹ́ 7, iye tí àjọ NMC ní Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè nínú Reading lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fi IELTS forúkọ sílẹ̀. Ìbéèrè méje péré ló wà láàárín méjèèjì. Mo ka iye ìdáhùn tí mo yí padà láti àìtọ́ sí èyí tó tọ́ nínú ìdánwò àṣedánrawò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyọkà: mẹ́jọ ni, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ Not Given.