Omi Eékún Kò Gbẹ: Iṣan Itan Ló Ti Rọ

Lọ́jà Ìpàtà n'Ílọrin, ní mọ́ṣáláṣí, nílé ìsọmọlórúkọ, ibi yòówù tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ eékún dídùn sílẹ̀, gbólóhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́: "Omi eékún ìyá ti gbẹ." Wọ́n á ní kí ìyá máa jẹ ilá àti bọ̀kọ́tọ̀, kí yíyọ̀ wọn lè dé eékún. Wọ́n á tún ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ìmọ̀ràn ìjókòó yìí ló burú jù.

Ẹ yẹ eékún náà wò dáadáa. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tán, kí ló ń mú un wú? Eékún tí àrùn oríkèé bá ti wọ̀ sábà máa ń ní omi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé ti wú, ó ń tú omi jáde. Ní ti ilá, inú ikùn ló ti ń dà, yíyọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ́, oúnjẹ aṣaralóore ni, àmọ́ kò ní ọ̀nà dé eékún.

Ohun tó ń bàjẹ́ ni egungun rírọ̀ tó dán bíi rọ́bà, tó bo orí egungun méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé inú rẹ̀. Omi eékún ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ tí a tú u sílẹ̀ ló ń rí i mu, bíi kànrìnkàn tí a ń fún nínú omi. Ìrìn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jókòó kalẹ̀ ń febi pa á. Iṣan iwájú itan, tó yẹ kó máa bá eékún gbé ìwúwo ara, á sì máa joro láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ẹrù á wá já lé egungun.

Iṣan yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ jí. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ eékún. Ẹ fi ẹ̀yìn eékún tẹ táwẹ́ẹ̀lì náà mọ́lẹ̀ títí itan á fi le, ẹ ka ení dé àrùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ bọ́ sórí àga tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, kì í ṣe àpótí ìdáná. Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ìka ẹsẹ̀, ẹ dìde láìfọwọ́ti nǹkan, kí ẹ sì fara balẹ̀ jókòó padà, ẹ kà dé ẹẹ́ta. Ẹ ṣe é nígbà 8 sí 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bó bá ṣòro, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó ga. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kàn ju ara sílẹ̀ sórí àga, nígbà tó jẹ́ pé níbi sísọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni iṣan ti ń lágbára. Ẹ má jẹ́ kí eékún méjèèjì wọ́ sínú, ẹ má sì sé èémí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Á dùn díẹ̀. Bí a bá pe ìrora tó le jù ní 10, èyí tí kò kọjá 4, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò léwu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ má pa á tì. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ máa ń pa á tì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ìrọ̀rùn tó ń hàn kedere.

Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ òdìkejì eékún tó ń dùn ni kí ẹ fi mú un. Ẹni tó bá sì sanra, kílò kan tó bá dín kù lára rẹ̀ ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí eékún ní gbogbo ìgbésẹ̀.

Ṣùgbọ́n eékún tó pupa tó sì gbóná pẹ̀lú ibà, tàbí tó há tí kò ṣe é nà, tàbí tí kò lè gbé ìwúwo lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó dán ohunkóhun wò nínú èyí.