Ara tí ẹ ní báyìí ni kí ẹ gbé lọ ra ọ̀kadà

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí lítà kan sì kọjá ₦1,000 ní 2024, mo ń rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n páàkì mọ́tò sílé tí wọ́n ń padà sórí ọ̀kadà. Èmi náà wà lára wọn. Ọdún 17 ni mi ò fi gùn ún. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ padà sọ ni pé kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ara àtijọ́ ra máṣíìnì.

Ọ̀kadà Suzuki AX100 ni mo gùn nígbà tí mo ń ṣe tíṣà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rántí èéfín rẹ̀, àti bí a ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé ìdí rẹ̀ yí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ padà, mo sọ fún ara mi pé àgbà ti dé, ọlọ́ńjìnnì 150cc ló tọ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní tirẹ̀ kí n fi dán an wò. Lórí títì, geere ló ń lọ. Ibi tí mo ti fẹ́ yà sí oko lọ́nà Òkèehò, mo dúró kí ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bọ́ sórí yangí, máṣíìnì fì díẹ̀, mo ní kí n fi itan gbé e dúró, itan ò gbà. Mi ò sáré rárá o. Ńṣe ló rọra sùn lé mi lẹ́sẹ̀, sàlẹ́ńsà sì lẹ̀ mọ́ mi lókè kókósẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ ò lè gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì àti jíà, ọjọ́ kan ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fi rántí wọn. Ojú ló máa ń pẹ́. Ojú tó ti mọ́ mọ́tò lára á máa rò pé ọ̀kadà náà á dúró níbi tí mọ́tò ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀, bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbé yín dé kó tó mú á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí yangí, bí ẹ bá ki bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀ lójijì, táyà á yọ̀ lábẹ́ yín.

Ní tèmi o, 100 tàbí 125 ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ jókòó lé e ní ṣọ́ọ̀bù, kí gìgísẹ̀ yín méjèèjì balẹ̀ dáadáa. Ẹ má tíì tan án. Ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Bó bá ti ń já yín léjìká lórí sìmẹ́ńtì, nínú ẹrẹ̀ ńkọ́? Kí ẹ sì bèèrè bí jíà rẹ̀ ṣe ń wọlé. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ẹ máa tẹ gbogbo rẹ̀ sí, àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀kan péré ló ń lọ sísàlẹ̀ tí ìyókù ń gòkè.

Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ èyí: máṣíìnì tí a ń pè ní ti obìnrin, tí ẹsẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, dára gan-an fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Irú rẹ̀ ni Honda Super Cub tó jáde ní 1958, tí èyí tí wọ́n ti ṣe sì pé mílíọ̀nù 100 ní 2017. Ṣé obìnrin nìkan ló ra gbogbo ìyẹn? Bí kì í bá ṣe gbágùúdá tí mo máa ń rù bọ̀ láti oko, òun ni ǹ bá rà.

Àlòkù 100 ni mo padà rà. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á ní òun ò tíì tan án láàárọ̀ yẹn. Máṣíìnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ de oníbàárà, ó ṣeé ṣe kó máa ṣòro ó tan bó bá tutù. Mo dágbére fún un. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú: 2318 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ní eyín kó sì ti gbó.

Ẹ má sì dé akoto àtijọ́. Tèmi wà lókè àjà látọjọ́ yìí. Bí mo ṣe tẹ fóòmù inú rẹ̀, ó rún sí mi lọ́wọ́ bíi gààrí. Owó tuntun dùn mí, mo san án.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń gùn ún lọ sóko. Ìyàwó mi ń bèèrè ìgbà tí màá gbé òun lọ sọ́jà. Mo ní kó jẹ́ kí òjò ọdún yìí dáwọ́ ná.