Ẹ̀yin Tí Ẹ Ò Ka Sáyẹ́ǹsì, Ilẹ̀kùn Iṣẹ́ Ìlera Kò Tì

Wọ́n á ní ẹni tí kò bá ka sáyẹ́ǹsì ní fásitì, iṣẹ́ ìlera ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, àfi kó padà sí a, b, d. Irọ́ ni.

Láti ọdún 2000 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba ẹni tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ yòówù sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọlọ́dún 4, bó bá yege ìdánwò àbáwọlé, tó sì kájú àwọn ohun mìíràn tí wọ́n ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe dandan kí ìwé ẹ̀rí èèyàn jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì. Bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ kéèyàn ti kà, èèyàn sì lè kà wọ́n lẹ́yìn tó gboyè tán, láàárín ọdún 1 sí 2.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Mount Sinai ní New York. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń ka lítíréṣọ̀ àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi físíìsì ṣe dandan fún wọn. Nígbà tí ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí jáde ní 2010, máàkì wọn nínú ìdánwò àkọ́kọ́ fún ìwé àṣẹ dókítà relẹ̀ díẹ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn lóòótọ́. Nídìí ìtọ́jú aláìsàn, wọn ò rẹ̀yìn.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná, ta ló ní dókítà nìkan ni iṣẹ́ ìlera? Ẹni tó ti ní dìgírì kan lè fi nǹkan bí oṣù 12 sí 18 gba dìgírì nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Physician assistant, ìyẹn ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò aláìsàn tó sì ń tọ́jú wọn pẹ̀lú dókítà, ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì Duke dá sílẹ̀ ní 1965, ń gba ọdún 2 lé díẹ̀. Dókítà á lo ọdún 4, á tún wá fi ọdún 3 sí 7 kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù.

Ibi tó ti nira gan-an ni kéèyàn mọ irú ọjọ́ tó fẹ́ máa lò. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láti àárọ̀ dalẹ́. Dókítà wọlé, ó pinnu, ó jáde, ìpinnu náà sì bá a délé. Ẹni tó wà ní láàbù lè má rí ojú aláìsàn kankan fún odindi ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ physician assistant kì í tiẹ̀ gba ẹni tí kò tíì fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, mo sì gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ wọ́ọ̀dù ná, kí ẹ tó sanwó ilé ìwé kankan.